Ta Ni Yóò Jẹ́rìí sí Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìbàdàn, lórí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé tí ọkọ rẹ̀ ń kọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Aṣerunlóge ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a jẹ àmàlà tán, ọkọ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi. Ó ní kí n bá òun fojú sí ohun tí òun ń kọ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ béèrè fún ìwé ìgbélùú Kánádà. Ó ti kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, ilé-ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tirẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sí àlàfo kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ ìyàwó, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni: "Kò níṣẹ́. Ìyàwó ilé ni."

Mo gbójú sókè. Obìnrin tí wọ́n ní kò níṣẹ́ náà jókòó lórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán irun mọ́ wíìgì tí oníbàárà kan fẹ́ gbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Láti ìgbà tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ló ti jókòó síbẹ̀. Mo sì mọ̀ dájú pé ìdajì owó ilé tí wọ́n san lọ́dún náà, àpò rẹ̀ ló ti jáde.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ta ni kò níṣẹ́ níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ó ní, "Àbúrò mi, má bínú. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé wo la fẹ́ fi hàn wọ́n? Èmi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, mo ní ìwé owó oṣù, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa á sì kọ lẹ́tà fún mi. Òun ńkọ́? Ta ni ọ̀gá rẹ̀? Ta ni yóò jẹ́rìí sí i?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò fèsì. Ó fi eyín já okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí n má tàn yín, ìbéèrè yẹn gún èmi gan-an lọ́kàn. Ìmọ̀ Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Láti ìgbà tí mo ti jáde, iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe fún àwọn tó bá pè mí. N kò ní ọ̀gá, n kò sì ní ìwé owó oṣù. Bí ẹnì kan bá ní kí n mú ẹ̀rí iṣẹ́ ọdún mẹ́rin jáde lónìí, kí ni mo fẹ́ mú jáde? Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí náà rí bẹ́ẹ̀: aránṣọ, alásè, ayàwòrán, ẹni tó ń ya fọ́tò níbi ìnáwó, ẹni tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà ni mo ṣe wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, tí mo sì gbé e wá fún yín.

Ohun tí òfin wí

Láti oṣù kìíní ọdún 2015 ni ìjọba Kánádà ti ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Express Entry láti fi yan àwọn oníṣẹ́-ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ fún ní ìwé ìgbélùú. Ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà mu jù lọ ni Federal Skilled Worker. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe mọ̀ ni pé ọ̀nà yìí ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́. Iṣẹ́ tí a ṣe nílẹ̀ wa, ní orúkọ ara wa, láìsí ọ̀gá lórí wa, ó wà nínú ìṣirò. Ọ̀nà mìíràn tó wà fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Kánádà, èyí tí wọ́n ń pè ní Canadian Experience Class, ni kì í ka iṣẹ́ tí ènìyàn dá ṣe fún ara rẹ̀ níbẹ̀, yàtọ̀ sí ti àwọn dókítà kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbọ́ òfin ọ̀nà kejì yìí, tí wọ́n wá fi ṣe ìdájọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìwọ̀n. Iṣẹ́ tí a gba owó lé lórí nìkan ni wọ́n ń kà. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ pé ọdún kan gbáko láìdáwọ́ dúró, láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá. Wákàtí 1,560 ni wọ́n ka ọdún kan náà sí, ìyẹn wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń fi wákàtí 15 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ lè fi ọdún méjì pé e. Àmọ́ ẹni tó ń fi 60 wákàtí ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kò lè fi oṣù mẹ́fà pé e, nítorí pé ohun tó bá ti lé ní 30 lọ́sẹ̀, wọn kì í kà á. Ọdún tí a fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá láìgba owó kò sí níbẹ̀ rárá.

Máàkì 100 ni wọ́n fi ń díwọ̀n ènìyàn lọ́nà yìí, ẹni tó bá gba 67 ló yege. Èdè ní 28 nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìwé ní 25, ìrírí iṣẹ́ ní 15, ọjọ́ orí sì ní 12. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọdún kan gba 9 nínú máàkì ìrírí. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta gba 11. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún gba 13. Ọdún mẹ́fà sókè gba 15. Ní ti ọjọ́ orí, ẹni ọdún 18 sí 35 gba gbogbo máàkì 12. Láti ìgbà náà lọ, ọdún kan ń bu máàkì kan. Kí ẹ rántí pé ẹnu ọ̀nà lásán ni 67 yìí. Bí a bá wọlé tán, ìdíje mìíràn ń bẹ nínú ilé: wọ́n á to gbogbo ẹni tó wà nínú agbo náà sí ipò, àwọn tó wà lókè ni wọ́n á sì fi ìwé pè.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ rẹ̀ ti pé ọdún 41, máàkì ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti dín sí 6. Ẹni ọdún 33 ni ìyàwó, 12 pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìwé ẹ̀rí HND, ó sì gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa. Òfin gba tọkọtaya láyè láti yan ẹni tí yóò ṣíwájú nínú wọn, kí èkejì wá tẹ̀ lé e. Nígbà tí a ṣírò tán, ẹni tí wọ́n kọ pé kò níṣẹ́ yìí gan-an ni orúkọ rẹ̀ yẹ kó ṣíwájú.

Ewu mìíràn tún wà lórí ìlà yẹn. Wọ́n máa ń béèrè ìtàn ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ tọkọtaya méjèèjì. Bí a bá kọ "kò níṣẹ́" lónìí, tí a wá sọ lọ́dún tó ń bọ̀ pé iṣẹ́ wà, ẹni tó ń yẹ ìwé wò yóò gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí a fi ìwà ìrẹ̀lẹ̀ tàbí àìfiyèsí kọ lè padà dà bí irọ́.

Ìwé gbèsè

Kí wá ni ẹ̀rí? Ohun mẹ́ta ni ìjọba Kánádà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Èkíní ni ìwé tó fi hàn pé òun ló ni òwò náà. Èkejì ni ẹ̀rí owó tó wọlé láti inú òwò náà. Ẹ̀kẹta ni ìwé láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, tó sọ iṣẹ́ tí a ṣe fún wọn àti bí wọ́n ṣe sanwó rẹ̀. Wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé àlàyé tí ènìyàn bá fẹnu ara rẹ̀ ṣe nípa iṣẹ́ rẹ̀, àti ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́, kò tó ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìbúra yìí ba ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Bí ìwé bá sọnù, ìbúra. Bí orúkọ bá yàtọ̀, ìbúra. Bí ọjọ́ ìbí kò bá sí lákọsílẹ̀, ìbúra. Ó ti ń wá owó tí a ó fi lọ sí kóòtù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó wọ yàrá lọ, ó gbé báàgì àtijọ́ kan jáde. Ó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ ni sàtífíkéètì fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ ti ọdún 2014 pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ náà, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ lé e lórí, tó ń súre fún un. Èkejì ni ìwé tí àjọ CAC fi forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2021. Ìwé ẹ̀rí owó ṣọ́ọ̀bù tó san fún onílé wà níbẹ̀, ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìwé ẹ̀rí owó orí tó gbà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó ka ọdún mẹ́ta. Níkẹyìn, ó mú ìwé àjákọ mẹ́ta jáde, èyí tí òróró irun ti rin etí wọn.

Mo béèrè pé, "Àǹtí mi, kí lèyí?"

Ó ní, "Ìwé gbèsè ni. Ẹni tó bá sanwó lójú ẹsẹ̀, kí ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí? Ẹni tó bá jẹ mí ni mò ń kọ."

Mo ṣí i. Ìlà lórí ìlà ni, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó tẹ̀ sápá ọ̀tún: ọjọ́, orúkọ oníbàárà, irú irun tó ṣe, iye owó, iye tó san, iye tó kù, nọ́ńbà fóònù. Bí onígbèsè bá ti san án tán, yóò fi báírò pa á rẹ́, yóò sì kọ ọjọ́ tó san án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú "báǹkì" tàbí "owó ọwọ́". Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀ pé òun ń kọ ìtàn iṣẹ́ òun. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó nìkan ló kọ sílẹ̀. Ẹni tó san án lójú ẹsẹ̀ ti gba ẹ̀yìn ìwé lọ.

Òtítọ́ ni pé ìwé náà nìkan kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè jẹ́rìí. A gba àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ láti báǹkì, a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé gbèsè náà. Ibi tí ìwé bá ti sọ pé ẹnì kan san owó lọ́jọ́ báyìí, a ó wá owó náà nínú àkọsílẹ̀ báǹkì. Ibi tí méjèèjì bá ti bára mu, a ó fi àmì sí i, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì pe nọ́ńbà fóònù náà. Ó lé ní oṣù méjì tí a fi ṣe é, lálaalẹ́, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣọ́ọ̀bù.

Oníbàárà mẹ́sàn-án ló gbà láti kọ lẹ́tà. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń kó irun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní oṣooṣù. Ọ̀kan ni obìnrin tó ṣe irun ìyàwó fún, òun àti ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́fà. Ọ̀kan tún jẹ́ ìyá arúgbó tó kọ̀wé pé ọmọ dáadáa ni ẹ̀gbọ́n mi, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, kò sì ní ìgbéraga. A rẹ́rìn-ín, a dúpẹ́, a sì dá lẹ́tà náà padà. Ìwà rere kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ ni ẹni tí ó kọ ọ́ jẹ́ àti ibi tí a ti lè rí i, iṣẹ́ tí a ṣe fún un, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń wáyé sí, iye tó ń san àti ọ̀nà tó ń gbà san án, kí ó wá fọwọ́ sí i. Lẹ́tà kejì tí ìyá náà mú wá wúlò ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tó gbàgbé.

A kò rí ẹ̀rí gbogbo ọdún. Ọdún 2016 ni ẹ̀gbọ́n mi ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ ló ń gbà nígbà náà, kò sì kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. A kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọdún náà sínú ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ bó ti rí, ṣùgbọ́n a kò béèrè máàkì lórí wọn. Láti ọdún 2021, tí ìwé CAC, báǹkì, owó orí àti ẹnu oníbàárà ti pàdé, ni a ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ó dun ọkọ rẹ̀ díẹ̀. Mo wá fi hàn án pé nínú ìdíje tó wà nínú agbo, ìrírí iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ kò tún fi máàkì kún máàkì mọ́. Ọdún díẹ̀ tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró ṣinṣin sàn ju ọdún púpọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì lọ.

Ẹnu ẹbí kì í ṣe ẹ̀rí

Èdè Yorùbá ni ìwé gbèsè náà wà, èdè òyìnbó tàbí èdè Faransé sì ni wọ́n ń fẹ́. Mo ti ń pọ́n lápìtán pé èmi ni n ó tú u. Ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn. Nígbà tí mo ka òfin náà, mo rí i pé kò gbà mí láyè. Ẹbí ẹni tó ń béèrè fún ìwé kò gbọ́dọ̀ túmọ̀ ìwé fún un: òbí, ọkọ tàbí aya, ọmọ ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí, títí kan ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá bíi tèmi. A gbé e fún ògbufọ̀ mìíràn tí kò bá wa tan, ó túmọ̀ ojú ewé tí a nílò, ó sì ṣe ìbúra tirẹ̀ pé òun túmọ̀ rẹ̀ bó ti tọ́.

Ó kọ́kọ́ dùn mí, ṣùgbọ́n mo wá rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn wa kọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹni tí a ṣiṣẹ́ fún, tó sì san owó rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó ń ta ìwé

Nígbà tí iṣẹ́ náà ń pẹ́, ọ̀rẹ́ kan mú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Yóò kọ lẹ́tà pé ilé-iṣẹ́ aṣerunlóge kan ló gba ẹ̀gbọ́n mi síṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, yóò ṣe ìwé owó oṣù sí i, yóò sì fi nọ́ńbà fóònù kan síbẹ̀ tí ẹnì kan yóò máa gbé bí wọ́n bá pè. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dé ilé, ó rò ó fún wa. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti fẹ́ rẹ̀ ẹ́.

Mo sọ ohun tí òfin wí. Ẹni tó bá fi irọ́ tàbí ayédèrú ìwé béèrè fún ìgbélùú Kánádà, ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ló pa ẹjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé kóòmù sílẹ̀, tó ní:

"Ṣọ́ọ̀bù tí mo fi owó àjọ ṣí, tí mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin títí wọ́n fi gba fírídọ̀ọ̀mù, ṣé kí n wá fọwọ́ sí i pé ti ẹlòmíràn ni? Ẹ ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé n kò níṣẹ́. Ẹ má tún kọ ọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí nínú iṣẹ́ ara mi."

Ilé pa rọ́rọ́. Ọkọ rẹ̀ ní, "Má bínú, ìyá ọmọ mi." Wọn kò tún padà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ iṣẹ́ yín

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ yín wà nínú àwọn tí wọ́n ń kà. Kánádà ní ìwé kan tó to gbogbo iṣẹ́, tó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà márùn-ún. NOC ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà kejì nínú márùn-ún náà ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ 0, 1, 2 tàbí 3, iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 4 tàbí 5, kò sí níbẹ̀. Ti aṣerunlóge ni 63210, 3 ni nọ́ńbà kejì rẹ̀. Ti ayàwòrán tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ìpolówó ni 52120. Ṣùgbọ́n ti aránṣọ ni 64200. Títí di oṣù kọkànlá ọdún 2022, iṣẹ́ aránṣọ wà lára àwọn tí wọ́n ń kà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé tuntun ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ó bọ́ síta. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

Aránṣọ tó bá ń ka èyí, ẹ má sáré yí orúkọ iṣẹ́ yín padà sí "ayàwòrán aṣọ" kí ó lè bá òfin mu. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ ń ro àrà aṣọ tuntun, tí ẹ ń yà á sórí ìwé, tí ẹ sì ń darí àwọn tó ń rán an, iṣẹ́ yín nìyẹn, kí ẹ wá ẹ̀rí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Orúkọ iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń kà, ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ara yín, ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ inú ìwé wọn kọ. Ẹ̀gbọ́n mi kọ bí ó ṣe ń yẹ awọ orí wò kí ó tó fi oògùn sí irun, bí ó ṣe ń yan irun tó bá ojú oníbàárà mu, bí ó ṣe ń gé e, tó ń pa á láró, tó ń rán àfikún irun mọ́ ọn, àti bí ó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́.

Àwọn òfin wọ̀nyí a sì máa yí padà, nítorí náà ojú ìwé ìjọba Kánádà fúnra wọn ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n ìkẹyìn. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó fún ẹni tí yóò ṣojú yín, kí ó jẹ́ lọ́yà tàbí agbaninímọ̀ràn tí òfin Kánádà dá mọ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wọn.

Ohun tí ó yẹ ká ṣe láti ọ̀sẹ̀ yìí

Bí wọ́n bá fi ìwé pe ènìyàn láti inú agbo, 60 ọjọ́ péré ni wọ́n fún un láti kó gbogbo ẹ̀rí sílẹ̀. Ohun tó gba ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù méjì ó lé, ta ló fẹ́ ṣe é tán láàárín 60 ọjọ́ tí ìwé ọlọ́pàá àti àyẹ̀wò ara náà ń dúró dè é? Kí ọjọ́ ìpè tó dé ni kí a ti ṣe é.

Ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC. Ẹ ya àpò owó òwò yín ní báǹkì sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé, kí owó oníbàárà má baà dà pọ̀ mọ́ owó tí àbúrò fi ránṣẹ́ fún oògùn ìyá. Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ohun tó ń san owó fún sí i. Ẹ san owó orí yín, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Ẹ ra ìwé àjákọ kan, kí ẹ kọ ọjọ́, orúkọ, iṣẹ́ àti wákàtí tí ẹ lò sínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sanwó náà, kì í ṣe ti onígbèsè nìkan.

Ẹni tí kò ní i lọ́kàn láti rìnrìn àjò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ó kàn án. Mo ti ra ìwé àjákọ tèmi, n kò sì tíì mọ ibi tí mò ń lọ. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí ẹni tó bá a gbé inú ilé kan náà tún lè kọ ọ́ láìro ibi pé kò níṣẹ́, ó nílò ìwé tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀, kó tó di pé ó kan ọ̀rọ̀ Kánádà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú agbo báyìí, òun ló ṣíwájú, ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Wọn kò tíì pè é, n kò sì lè ṣèlérí pé wọn yóò pè é. Ṣùgbọ́n mo tún wo ìlà yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ rẹ̀ ti pa ohun tó kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: "Aṣerunlóge. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ọdún 2016."